Senterej, Ṣẹ́ẹ̀sì Ilẹ̀ Etiópíà

Ọ̀nà tí aráyé ń gbà ta ṣẹ́ẹ̀sì pọ̀ débi pé èyí tó lé ní 1,400 ni David Pritchard ṣà jọ sínú ìwé ńlá kan lọ́dún 1994. Bóyá ni a óò rí èyí tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbóná tó ti senterej, ṣẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Etiópíà máa ń ta láyé àtijọ́. Nígbà tí ọ̀ta méjì bá jókòó ti ọpọ́n, kò sí àríyànjiyàn pé ta ni yóò kọ́kọ́ ta. Àwọn méjèèjì ni yóò nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú yóò máa sún ọmọ tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kíákíá, láìdúró de ẹnìkejì. Werera ni wọ́n ń pe abala yìí. Ọwọ́ ọ̀tá ni ọ̀jáfáfá máa ń ṣọ́: tí ẹnìkejì bá kó agbára jọ sí apá ọ̀tún, òun náà lè fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, kó tún un tò. Ìgbà tí ẹnìkan bá pa ọmọ àkọ́kọ́ ni werera parí. Láti ìgbà náà, wọ́n á máa ta á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó jọ ogun ju ṣẹ́ẹ̀sì tí a mọ̀ lọ. Ta ló ń dúró kí ọ̀tá to ọmọ ogun rẹ̀ tán kó tó to tirẹ̀?

Aṣọ pupa ni ọpọ́n rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n fi ìlà dúdú tàbí búlúù pín sí ojú 64. Fers, tó dúró nípò ayaba, kì í rìn ju ojú kan lọ, ẹ̀gbẹ́ ìgun nìkan ló sì lè gbà. Erin, tó wà nípò bíṣọ́ọ̀bù, máa ń fo dé ojú kejì lẹ́ẹ̀kan náà, ìgun lòun náà ń gbà. Ìrìn àtijọ́ nìyẹn, bí àwọn ará Páṣíà àti Lárúbáwá ṣe ń ta á. Àwọn ará Yúróòpù ló yí tiwọn padà nígbà tí ọ̀rúndún 15 ń parí lọ, tí wọ́n sọ ayaba di alágbára tó ń sáré ká gbogbo ọpọ́n. Nítorí náà, bí a bá ń wá ṣẹ́ẹ̀sì tó yapa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó wà nílé wa, tí àwọn ará Yúróòpù yí padà.

Eré ààfin ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 16, Ọba Lebna Dengel bá ayàwòrán kan láti Venice ta á. Ní ọ̀rúndún 19, Henry Salt, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ras Wolde Selassie, alákòóso Tigray, fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn òǹwòran ìgbà náà kì í panu mọ́. Ẹni tó bá ti dúró ti ọpọ́n ayò rí mọ irú ariwo ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Òpin eré ló ta kókó jù. Bí ọba bá ṣẹ́ ku òun nìkan lórí ọpọ́n, ẹnikẹ́ni kò lè pa á mọ́, ọ̀mì ni. Ẹni tó ń borí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má baà pa ọmọ ọ̀tá rẹ̀ tán. Bí ó bá sì ṣẹ́ ku ọmọ ńlá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọba, kí ọmọ náà tó rìn lẹ́ẹ̀meje ni kí wọ́n ti pa ọba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀mì náà ni. Ohun tí èèyàn fi pa á tún ṣe pàtàkì: ẹni tó fi ẹṣin pa ọba kò gba ìyìn kan dàbí alárà, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọmọ ogun kékeré pa á, òun ni ọ̀gá.

Ogun tí Ítálì gbé wá lọ́dún 1935 ló fọ́n àwọn ìjòyè tó ń ta á ká, senterej sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ní 1971, òpìtàn Richard Pankhurst tẹ ìtàn àti òfin rẹ̀ jáde.