Tòkunbọ̀ Tí Kò Ní Ìsọ̀

Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀ kó tó di orúkọ fíríìjì. Láyé ọjà ojúkojú, ẹni tó ra tòkunbọ̀ mọ ìsọ̀ tó ti rà á. Bí kò bá tutù, ó mọ ibi tí yóò gbé e padà sí. Jiji bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2014, ó sì ra OLX ibí ní 2019. Àwòrán àti nọ́ńbà fóònù wá gbapò ìsọ̀.

Ẹ wo Àgọ́-Ìwòyè níbí, ìlú akẹ́kọ̀ọ́ láti 1982 tí yunifásítì ti débẹ̀. Ẹni tó ń kẹ́rù kúrò ń tà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ń rà. Oní-gbájúẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀: á pe fóònù ní ìdajì iye tó ń lọ, á ní ẹlòmíì ti ń bọ̀, kí ẹ tètè fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Bí owó iléèwé ṣe ń lọ nìyẹn.

Jiji fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó sílẹ̀. Èmi kì í san kọ́bọ̀ kí n tó rí ọjà. Ọ̀sán gangan, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí èrò wà, la ó ti pàdé. Màá fi iná sí i. Bó bá jẹ́ fóònù, màá tẹ *#06#. Nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Fóònù tí wọ́n jí, ọwọ́ ẹni tó rà á ni ọlọ́pàá ti máa ń bá a. Bí nọ́ńbà ò bá bára mu, mo ń lọ sílé.