Ajá Ọdẹ ní Ilẹ̀ Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọdẹ ni ó tẹ Àkúrẹ́ dó. Bí a bá bi àwọn àgbà ìlú náà léèrè, wọn yóò dárúkọ Ọmọrẹ̀mí, ọmọ ìran Odùduwà, ẹni tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde, tí ó sì ń tọ ipasẹ̀ erin nínú igbó títí ó fi dé ibi tí ó fi ṣe ibùdó. Aṣọdẹbóyèdé ni a mọ̀ ọ́n sí, èyí tí í ṣe pé ó ṣọdẹ, ó sì bá oyè dé. Ní Oǹdó ẹ̀wẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin, Púpùpú, ni ìtàn fi ṣe ọba àkọ́kọ́, igbó ńlá ni ó yí ìlú náà ká, ọdẹ ni ó sì kọ́kọ́ ń mọ ọ̀nà inú irú igbó bẹ́ẹ̀ kí àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìtàn wa kì í sọ. A ń yin ọdẹ, a ń yin ìbọn rẹ̀, a ń yin oògùn tí ó so mọ́ra. Ẹni tí ó ń sá níwájú rẹ̀, tí ó fi imú kan ilẹ̀, tí ó kọ́kọ́ ń gba ẹ̀gún àti oró ejò, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ajá ni. Nínú ìwé kékeré yìí, a fẹ́ san díẹ̀ nínú gbèsè tí a jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ irú ajá tí ó jẹ́. Ajá ọdẹ ilẹ̀ wa kì í ṣe ajá ńlá. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, etí rẹ̀ nà sókè, ìrù rẹ̀ a sì máa ká sórí ẹ̀yìn. Pupa rúsúrúsú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn; òmíràn dúdú, òmíràn sì ní funfun láyà àti lẹ́sẹ̀. Ó jọ ajá Kóńgò tí a ń pè ní Basenji, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ilẹ̀ wọn, tí wọ́n sì fi hàn níbi ìpàtẹ ajá Crufts ní Lọ́ńdọ́nù ní 1937, tí ẹnu sì ya àwọn ènìyàn nítorí pé kì í gbó bí ajá tiwọn. Irú ajá báyìí kì í pariwo lórí ipa ẹran. Nítorí náà ni ọdẹ fi ń so agogo kékeré tàbí ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, kí ó lè máa gbọ́ ibi tí ó wà nínú igbó dídí. Bí agogo náà bá ń dún jẹ́jẹ́, ajá ń wá ipa. Bí ó bá ń dún kíkankíkan, ó ti gbé ẹran dìde. Bí ó bá sì dákẹ́ lójijì, ọdẹ yóò mọ̀ pé ó ti dá ẹran dúró, tàbí pé nǹkan ti ṣe é.

Títọ́ ajá ọdẹ gba sùúrù. Ọdẹ nìkan kò lè kọ́ ọmọ ajá ní iṣẹ́ igbó. Ajá àgbà ni í kọ́ ọ. Bí ó bá ti lágbára tó láti rìn jìnnà, a ó mú un tẹ̀lé èyí tí ó ti mọ iṣẹ́, yóò sì máa wò ó bí ọmọ iṣẹ́ ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn ọdẹ mìíràn a máa fún oje ewé sí i nímú, kí imú náà lè mú sí i. A kì í bọ́ ọ yó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, nítorí pé ajá tí ó yó kò ní kánjú wá ẹran. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ó kọ́ ọ láti mọ ohùn fèrè, kí ó lè padà bí a bá pè é. Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn bàbá wa ti fa òwe yọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù ni ó ń pa òwe náà lórí àga, tí a kò sì rántí pé inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọdẹ ni a ti yá a.

Bí ẹran bá kú, ajá ní ìpín tirẹ̀. Kí a tó gbé ẹran wálé ni a ó ti fún un ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìfun, ní ojú ibi tí ó ti ṣiṣẹ́. Ọdẹ tí ó bá fi èyí dù ú yóò rí i ní ọjọ́ mìíràn pé ajá náà ti jẹ ẹran kí òun tó dé ibẹ̀. Bí ó bá sì ṣe pé ajá ẹlòmíràn ni a yá lọ, olówó ajá náà yóò gba nínú ẹran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ni ó jókòó sí. Ẹ kíyèsí i pé èyí kì í ṣe àánú. Owó iṣẹ́ ni.

Ẹran mẹ́ta ni ó ń fi ọgbọ́n ajá hàn jù. Èkíní ni ọ̀yà, tí ń gbé inú koríko gíga àti etí oko. Ó ní ọ̀nà tóóró tí ó ń tọ̀ lábẹ́ koríko, tí ojú ènìyàn kò lè tètè rí. Àwọn ọdẹ yóò yí ibẹ̀ ká pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀, tàbí kí wọ́n ta àwọ̀n. Ajá ni yóò wọ inú koríko lọ láti lé e jáde. Èkejì ni òkété, tí ń sùn nínú ihò ní ọ̀sán. Ihò rẹ̀ kì í sábà ní ẹnu kan ṣoṣo. Ajá yóò lọ láti ẹnu ihò dé ẹnu ihò, yóò máa gbóòórùn. Èyí tí ó ṣófo, yóò kọjá lọ. Èyí tí òkété wà nínú rẹ̀, yóò dúró, yóò máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Nígbà náà ni ọdẹ yóò dí àwọn ẹnu yòókù, yóò sì fi ọkọ́ wa ihò náà tàbí kí ó fẹ́ èéfín sínú rẹ̀, ajá yóò sì dúró de òkété ní ẹnu tí a fi sílẹ̀. Láìsí ajá, ènìyàn lè fi odindi ọ̀sán kan wa ihò òfìfo. Ẹ̀kẹta ni òòrẹ̀, ẹran tí ẹ̀gún bò lára. Ajá tí kò gbọ́n yóò kọlù ú, ẹ̀gún yóò sì gún un lójú àti lẹ́nu. Ajá tí ó gbọ́n yóò máa yí i ká ní òkèèrè títí olówó rẹ̀ yóò fi dé.

Ẹnìkan nínú àwọn olùkà wa lè béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ọ̀rọ̀ ajá ọdẹ. A ó dá a lóhùn pé àlùfáà Ìjọ wa kan náà ni ayé mọ orúkọ rẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ní ajá kékeré kan tí a ń pè ní tẹ́ríà, orúkọ rẹ̀ sì ti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí a ń pe ilẹ̀ jáde, nítorí pé inú ihò ni ó ń wọ̀ lọ bá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. John Russell, tí a bí ní 1795, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Oxford ní 1819 nígbà tí ó ra abo tẹ́ríà kan, tí ń jẹ́ Trump, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń ta wàrà. Láti ara rẹ̀ ni ó ti mú irú ajá tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní jáde. Ó ṣe àlùfáà ní Swimbridge ní Devon fún ọ̀pọ̀ ọdún, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ọdẹ tí ó ń ṣe. Russell kò fẹ́ kí tẹ́ríà pa ẹran nínú ihò. Ó fẹ́ kí ó lé e jáde ni. Ìwọ̀n yìí gan-an ni ọdẹ Àkúrẹ́ fẹ́ lára ajá tí ó dúró ní ẹnu ihò òkété. Nígbà tí Russell kú ní 1883, Àlùfáà Charles Phillips ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́fà ní Oǹdó, nítorí 1877 ni ó dé ibẹ̀. A kò rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́ nípa èkejì, ṣùgbọ́n agogo ajá ọdẹ kò ní ṣàì dún sí etí Phillips ní òwúrọ̀ bí àwọn ọdẹ ti ń jáde.

Nígbà tí kòkó wọ ilẹ̀ Oǹdó ní ìparí ọ̀rúndún 19, tí ó sì tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ajá pọ̀ sí i. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ a máa ba èso kòkó jẹ́. Ọ̀yà a máa gé àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Òkété a máa jẹ iṣu àti ẹyìn. Àgbẹ̀ tí ó ní ajá rere ní abà rẹ̀ a máa kórè ju ẹni tí kò ní lọ. Owó kòkó ni a sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìsìn àti ilé-ìwé tí àwa ń jókòó nínú wọn lónìí.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò. Ajá kan náà tí ó bá ọdẹ ṣiṣẹ́ ni a ń fi rúbọ sí Ògún. Ní Oǹdó, níbi tí ọdún Ògún ti lókìkí láàrin àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ àti àwọn awakọ̀, ajá ni olórí ẹran ìrúbọ. Àwọn kan lára wa rò pé ìkà ọkàn ni ó fa èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú tiwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ òrìṣà kì í mú ohun tí kò níye lórí. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù ni ó ń mú. Àwọn bàbá wa fi ajá fún Ògún nítorí pé wọ́n mọ iye rẹ̀. Ìjọ kọ́ wa láti dá ẹbọ náà dúró, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa dá ẹbọ dúró, a sì dá ọ̀wọ̀ dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ajá di èébú lẹ́nu wa, ó di ohun tí ọmọdé ń sọ lókò. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Tóbítì, tí Ìjọ wa ń kà fún ẹ̀kọ́ ìwà, kò tijú láti sọ pé ajá bá ọmọ olódodo náà rin ìrìn àjò rẹ̀.

Àwọn tí ó wà ṣáájú wa kò gbàgbé. Ta ni kò gbọ́ àlọ́ ọdẹ tí ó ní ajá mẹ́ta, Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé? Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé, àwọn ọ̀tá sì ká a mọ́ orí igi, wọ́n ń fi àáké gé ìdí igi náà. Kò ké pe ọba, kò ké pe ará. Àwọn ajá rẹ̀ ni ó ké pè, wọ́n sì dé. Àlọ́ yìí kò kọ́ wa pé ajá lágbára nìkan. Ó kọ́ wa pé ọdẹ tí ó fi ajá sílẹ̀ ni ó bọ́ sínú ewu.

Ọdẹ òde òní ti fi ajá sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá Ẹkùn Oǹdó sílẹ̀ ní 1915, tí Àkúrẹ́ sì di olú rẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ti la igbó já, oko kòkó sì ti gba ipò igi ńlá. Erin kò sí ní àyíká Àkúrẹ́ mọ́. Àwọn ọdẹ ń fi iná iwájú orí ṣọdẹ ní òru, wọ́n sì ń yìnbọn lu ojú tí ó bá ti tàn. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀ bóyá abo tí ó lóyún ni. Ajá ní tirẹ̀, ọ̀sán ni ó ń ṣiṣẹ́, olówó rẹ̀ a sì rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó tó gbé ọwọ́ sókè. Bí ó bá fẹ́, ó lè fi fèrè pè é padà. A kò sọ pé ajá kò lè ṣe ibi. Akíka tí òfin 1985 dáàbò bò a máa ká jọ bí ó bá rí ajá, kò sì lè sá. Nítorí náà, ọdẹ tí ó ní ajá gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní ohun tí kò gbọdọ̀ mú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi òfin 2004 ká ajá ọdẹ lọ́wọ́ kò ní ilẹ̀ tiwọn.

Ó ku gbèsè kan tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀, èyí ni dìgbòlugi. Àrùn yìí wà nínú itọ́ ajá tí ó bá mú, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ajá ọdẹ wà nínú ewu rẹ̀ ju ajá ojúlé lọ, nítorí pé ó ń bá ẹranko igbó jà. Ẹni tí ń pa ajá fún jíjẹ, bí àwọn kan ti ń ṣe ní Oǹdó, wà nínú ewu náà pẹ̀lú. Láti 1885, nígbà tí Pasteur fi abẹ́rẹ́ gba ọmọdékùnrin kan là ní ilẹ̀ Faransé, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti kú ikú yìí. Kí olúkúlùkù tí ó ní ajá gba abẹ́rẹ́ fún un lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí a má ṣe dúró de àmì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ ewé tí a ń fún sí ajá nímú, tí wọ́n mọ orúkọ tí a ń sọ ajá àti ìtumọ̀ rẹ̀, kò pọ̀ mọ́ ní Àkúrẹ́, wọn kò sì pọ̀ ní Oǹdó. Ẹ rán àwọn ọmọ ilé-ìwé yín sí wọn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan béèrè orúkọ ajá tí ó ṣiṣẹ́ jù fún bàbá bàbá rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọdẹ náà.