Àtúnṣe àti Àlàyé Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Àkọsílẹ̀ Èdè Yorùbá

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìwé ẹlòmíràn ni ó ń tún un ṣe. Òmíràn a máa bà á jẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọkọ́, èyí tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, tí atúnwéṣe sì sọ ọ́ di ọkọ̀, ìpalára rẹ̀ ju ti àṣìṣe òǹkọ̀wé lọ, nítorí òǹkàwé yóò gbà pé a ti yẹ ìwé náà wò. Báwo ni ó ṣe yẹ kí a dá irú atúnwéṣe bẹ́ẹ̀ lóhùn? Ìtàn àkọsílẹ̀ èdè Yorùbá fi ọ̀nà kan hàn.

Kí Samuel Ajayi Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, Hannah Kilham (1828) àti John Raban (1830 sí 1832) ti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ ní Sàró. Olúkúlùkù ń fi etí ara rẹ̀ gbọ́, ó sì ń fi lẹ́tà tí ó mọ̀ kọ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn lórí lẹ́tà kò tán láàárín àwọn míṣọ́nnárì. Ẹni tí a bá yí lẹ́tà rẹ̀ padà láìsọ ìdí, kò rí ohun kan kọ́. Bí ó ti ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni yóò tún kọ ọ́.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé ní Èkó, Crowther sì ni alága. Dípò kí olúkúlùkù máa yí iṣẹ́ ẹnìkejì padà, ọ̀rọ̀ di ti àjùmọ̀sọ. Ìpinnu ọjọ́ náà, tí ó fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ni a gbé iṣẹ́ Bíbélì tí ó jáde lódindi ní 1884 kà.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò parí. Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀nà ìkọsílẹ̀ Yorùbá. Ìgbìmọ̀ kan jókòó ní 1966. Ní 1974, ìpinnu tuntun fẹsẹ̀ múlẹ̀. Aiye di ayé, nítorí a kò gbọ́ ohùn i níbẹ̀. Ãnu di àánú, nítorí fáwẹ̀lì méjì ni ahọ́n ń pè. Ẹni tí ó mọ ìdí yìí lè tún ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ mìíràn kọ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ nígbà tí a bá ń dá atúnwéṣe lóhùn. Kí a fi ọ̀rọ̀ tí ó bàjẹ́ hàn án gan-an. Kí a sọ òfin tí ó tẹ̀ lójú. Kí a sì fi òfin náà mú ara wa bí a ti fi mú un. Ìbáwí láìsí ìdí a máa lé ènìyàn sá, ìdákẹ́ sì ń fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe láti tún wáyé. Àwọn àgbà wí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Olùkọ́ tí kò ṣe ju pé kí ó fa ìlà pupa sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́. Àlàyé ni ọwọ́ ọ̀tún.