Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìtàn Ilé àti Iṣẹ́ Ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pa òwe yìí, ìrànlọ́wọ́ láàárín èwe àti àgbà ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí mo ti rò ó sí, ọ̀rọ̀ ilé gan-an ni òwe náà fi ṣe ìpìlẹ̀. Pẹpẹ wà nínú ilé ní tòótọ́. Ohun tí a kò fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn ni a ń gbé sórí rẹ̀. Kèrègbè wà nílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tóóró, ọwọ́ ìyá kò gba ibẹ̀, ọmọ ni yóò kiwọ́ bọ̀ ọ́ láti fọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti mọ ilé tí a fi ọwọ́ ọmọ àti ọwọ́ àgbà wọn ohun inú rẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí á fi ojú ìtàn wò ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí á lè mọ ohun tí ó dé bá a.

Nínú agbo ilé àtijọ́, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀ọ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ń rí gbogbo ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá. Ìríran yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọwọ́ àgbà kì í dilẹ̀ ní ilẹ̀ oníṣòwò. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n di ọ̀nà ọjà láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè mú. Àwọn obìnrin ń ná ọjà, wọ́n sì ń hun aṣọ lórí òfì olóòró tí a gbé ti ògiri ilé. Bí ìyá bá wà nídìí òfì, ojú rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ, ọmọ náà sì wà nítòsí láti ṣa kóró inú òwú.

Mo dé bá àjókù ètò yìí ní ilé ìyá ìyá mi. Ààrò wà nílẹ̀, ọlọ wà nílẹ̀, ìgbálẹ̀ tí ó ti gé kúrú kì í ṣe ohun àsọnù, ti ọmọ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin á lé adìẹ kúrò nídìí ohun tí a sá. Ọmọ ọdún mẹ́fà á gbá ọ̀ọ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sódò, òun náà á gbé igbá kékeré tirẹ̀ lórí òṣùká, á tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á fọ àwo, á lọ ata. Bí ọmọ bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni igbá rẹ̀ ń tóbi. Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣe òfin rẹ̀. Àwọn ohun èlò ilé ni wọ́n ń sọ fún ọmọ pé iṣẹ́ tìrẹ nìyí.

Kí a má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dùn. Ìwọ̀fà wà láyé ìgbà náà, a sì ń fi ọmọ ṣe é. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó tí bàbá rẹ̀ yá, bí gbèsè kò bá tíì tán, iṣẹ́ kò tíì tán. Agbára ọmọ ni a fi ń wọn iṣẹ́ ọmọ ilé, gbèsè ni a fi ń wọn ti ìwọ̀fà. Nínú ilé kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, méjèèjì lè máa gbálẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọgbọ́n ìwọ̀n yìí kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú nìkan. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1907, oníṣègùn kan, Maria Montessori, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní àdúgbò San Lorenzo ní ìlú Róòmù. Àwọn òbí wọn ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń ba ilé jẹ́. Obìnrin náà ṣe àga àti tábìlì tí ó mọ níwọ̀n ọmọ, ó fi àwọn nǹkan sí ibi tí ọwọ́ wọn lè tó, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa gbálẹ̀, kí wọ́n máa fọ nǹkan. Gbogbo ayé ló gbọ́. Àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi àgékù ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ kò kọ ìwé nípa rẹ̀.

Kí ni ó wá yí ilé padà? Ilé ẹ̀kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1952, Olóyè S. O. Awókòyà, ọmọ Ìjẹ̀bú láti Awà, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1955 ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tó nǹkan bí 457,000 ní 1954 di ẹni tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Ohun rere ni, èmi kò ní bú u láé. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún kan péré, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ kékeré kúrò nínú àgbàlá láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ilé náà tún ń yí padà: pẹ́tẹ́ẹ̀sì, símẹ́ǹtì àti páànù rọ́pò agbo ilé, ààrò kúrò nílẹ̀ ó di orí tábìlì, àwo gòkè lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Pẹpẹ pọ̀ nínú ilé wa báyìí, kèrègbè kò sí mọ́.

Ìgbà náà ni a wá ń pariwo pé àwọn ọmọ ayé òde òní ya ọ̀lẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tó ibi tí omi wà, tí kò rí ìgbálẹ̀ tí ó lè gbé, kí ni kí ó ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì tún ilé tò. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni a lọ mú wá láti abúlé, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó ń gun àpótí kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ibi ìdáná. Bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ní òpin, tí kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ lọ, ìwọ̀fà ni a tún gbé dé pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ṣe tirẹ̀ ní 2006, ka iṣẹ́ aninilára léèwọ̀ fún ọmọdé. Iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ ti ilé tàbí ti oko, lọ́dọ̀ ẹbí ọmọ náà, ni ó yọ̀ǹda. Ààlà tí ó wà láàárín ọmọ ilé àti ìwọ̀fà látijọ́ náà ni òfin yìí tún fà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, a máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí á ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe kíkọ́ ọmọ àti kíkọ́ ilé. Láyé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Kò pọn dandan kí á padà sínú ilé alámọ̀. Ẹ gbé àwo tí kì í fọ́ sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀bẹ àti kẹrosíìnì wà lókè. Ẹ ra garawa kékeré, kí ẹ sì gé ìgbálẹ̀ kan kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ ó kọ́ ilé lọ́la, kí ẹ tó sọ fún bíríkìlà ibi tí pẹpẹ yóò wà, ẹ kọ́kọ́ wọn ibi tí ọwọ́ ọmọ yín mọ.