Bọ́ọ̀sì BRT Èkó
BRT ni ètò ọkọ̀ èrò Ìpínlẹ̀ Èkó tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2008 ló bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, lábẹ́ àbójútó LAMATA, àjọ ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó dé Ìkòròdú ní 2015, ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá sì tẹ̀ lé e ní 2020. Kì í ṣe títóbi ọkọ̀ ló sọ ọ́ di pàtàkì, nítorí mọ́lúè, bọ́ọ̀sì ńlá àtijọ́, náà tóbi. Ọ̀nà àyàsọ́tọ̀ ni. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá há dáńfó mọ́, BRT a máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ní ó fún ọ̀nà mọ́ awakọ̀ yòókù lọ́wọ́. Òótọ́ ni, àmọ́ èrò inú bọ́ọ̀sì kan ì bá kún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ilẹ̀ tí ìwọ̀nyẹn ì bá gbà sì pọ̀ ju ti bọ́ọ̀sì náà lọ. Àtakò tó lágbára jù ni pé èrò ń tò pẹ́ ní ibùdókọ̀. Àìtó bọ́ọ̀sì ló fa ìyẹn, kì í ṣe ọ̀nà náà. Ìṣòro mìíràn ni pé ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà lásán pààlà ọ̀nà náà, tí kò sí kọnkéré, ni ọkọ̀ mìíràn ti ń tètè já wọ̀ ọ́.