Láti Orí Tó Rẹ̀ sí Àrùn Ẹ̀yà: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Náà ‘Brain Fag’ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pa ìwé dé lójijì, tí ó di orí mú, tí ó sì ní ohun tí òun ń kà kò yé òun mọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó yí i ká bá sọ nípa rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pinnu ohun tí wọn yóò ṣe fún un. Ní gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹnìkan lè ní ìwé ti pọ̀ jù fún ọmọ náà; ẹlòmíràn lè ní ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e; ẹnìkẹta lè ní ayé ni ó ń bá a jà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbólóhùn mẹ́ta yìí ni ó ní ohun tí ó dá lẹ́bi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ibi tí ó ń darí ọmọ náà sí. Ti àkọ́kọ́ ń darí rẹ̀ sí ìsinmi. Ti èkejì ń sọ fún un pé kí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ń mú un lọ sí ilé babaláwo tàbí ilé àdúrà.

Àwọn onímọ̀ ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ti tẹnu mọ́ ọn pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe àpèjúwe lásán: iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Àwọn tí ó ń ṣe lámèyítọ́ ìmọ̀ ìṣesí ẹ̀dá gba èrò yìí wọlé, wọ́n sì ń bi ìwé oníṣègùn ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí sì ni ọ̀rọ̀ náà bò mọ́lẹ̀? Àpilẹ̀kọ yìí bi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní ìbéèrè wọ̀nyí, èyíinì ni ‘brain fag’, tí Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà, sọ di orúkọ àrùn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ní ọdún 1960. Ohun tí ìtàn ọ̀rọ̀ náà fi hàn ni pé ẹ̀dùn tí wọ́n ń fi í pè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀ ni ó yí padà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yí padà tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ Náà Kí Ó Tó Dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Nínú Gẹ̀ẹ́sì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ‘fag’ túmọ̀ sí iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí ó ń mú ènìyàn rẹ̀. Ní Britain nígbà náà, ìwé ìròyìn àti ìwé ìṣègùn ń lo ‘brain fag’ fún agbẹjọ́rò, akọ̀wé, àlùfáà àti akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ ọpọlọ ti rẹ̀ tẹnutẹnu. Àwọn tí ń ta oògùn amáralókun pàápàá ń fi orúkọ yìí polówó ọjà. Oyedeji Ayonrinde tọpasẹ̀ ìlò yìí nínú iṣẹ́ kan tí ó jáde ní ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìbátan ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1869 ni oníṣègùn George Beard ti ń kọ̀wé nípa ‘neurasthenia’, èyíinì ni àárẹ̀ iṣan ìmọ̀lára. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1881, ó ka ẹ̀rọ olóoru, ìwé ìròyìn, tẹlígíráàfù àti ìdàgbàsókè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ́ ohun tí ó ń fa àárẹ̀ náà. Ó ní àwọn tí ó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí ó ti lajú, ni ó ń ṣe jù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣàìsàn yìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi í yangàn. Àárẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ó jẹ́ ọ̀làjú, pé ó ní ọpọlọ tí ó tó lò, ó kàn lò ó jù ni. Ìsinmi, afẹ́fẹ́ etí òkun àti oògùn ni wọ́n ń là á sílẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ìwé kò yẹ ìran rẹ̀.

Abẹ́òkúta ní Àwọn Ọdún 1950

Ìran mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà bá ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá, òfin ọdún 1916 tí ó ń darí irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ń pe ẹni tí wọ́n bá mú wọ ibẹ̀ ní ‘lunatic’. Ní ọdún 1953, J. C. Carothers, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mathari ní Nairobi, kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé nípa ọkàn ọmọ Áfíríkà. Ó fi bí ọmọ Áfíríkà ṣe ń ronú wé ti ará Yúróòpù tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ gé ìsopọ̀ apá iwájú ọpọlọ rẹ̀. Frantz Fanon kọ lù ú gidigidi nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1961.

Ṣùgbọ́n kí Fanon tó kọ̀wé, èsì ti ń wá láti Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, gba àkóso ilé ìwòsàn Arò ní ọdún 1954. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ṣètò pé kí wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, kí ìbátan kọ̀ọ̀kan bá aláìsàn rẹ̀ wá láti máa dáná fún un àti láti máa tọ́jú rẹ̀. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láàyè láti kópa nínú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1955, ó kọ̀wé nípa ipa tí àṣà ń kó nínú àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, ó sì tako àwọn ìwé tí ó gba ẹ̀tanú ẹ̀yà wọlé lábẹ́ orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

Ìwádìí tí Lámbò àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell jọ darí, tí ó jáde ní ọdún 1963, bá àwọn Yorùbá ní abúlé àti ní ìlú sọ̀rọ̀. Wọ́n rí i pé èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó dúró fún ‘depression’, síbẹ̀ àwọn ènìyàn mọ àmì rẹ̀ dáadáa, ó sì ń ṣe wọ́n. Carothers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ pé àìsàn náà ṣọ̀wọ́n ní Áfíríkà. Àìsí ọ̀rọ̀ nínú ìwé oníṣègùn ni wọ́n kà sí àìsí ẹ̀dùn nínú ọkàn ènìyàn.

Ìwé Prince ti Ọdún 1960

Prince ṣiṣẹ́ ní Arò láti ọdún 1957 sí 1959. Kò dára kí a kà á mọ́ Carothers. Ó bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn ìbílẹ̀. Ní ọdún 1960 kan náà, ó kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi aṣofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá bá a ń ráhùn pé orí ń ta wọ́n, pé ooru ń sọ nínú rẹ̀, pé ojú ń ṣe bàìbàì, pé àwọn kò lè rántí ohun tí àwọn kà. Àwọn fúnra wọn ni ó pe ohun tí ó ń ṣe wọ́n ní ‘brain fag’, Prince sì mú orúkọ náà lẹ́nu wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sínú ìwé ni ó ti yí àwọ̀ padà. Lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, ó jẹ́ ìròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kan, ní àkókò kan: orí mi ti rẹ̀. Nínú ìwé, ó di ọ̀rọ̀-orúkọ, ohun tí ènìyàn ní lára, tí oníṣègùn lè kà, tí ó sì lè so mọ́ orílẹ̀-èdè kan. Ẹni tí ó rẹ̀ di ẹni tí ó ní àrùn. Prince ṣàlàyé àrùn náà báyìí: ẹ̀kọ́ ará Yúróòpù ń béèrè àdáṣe, ojúṣe ti ara ẹni àti ètò, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì jẹ́ àjèjì sí ọmọ Nàìjíríà tí a tọ́ láàárín ẹbí. Ìkọlù ìwé òyìnbó àti ìwà ẹ̀dá ọmọ Nàìjíríà ni ó kà sí orísun rẹ̀.

Gbólóhùn yìí sọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà di ẹ̀dá kan ṣoṣo, ó sì gbójú fo ẹ̀rí tí ó wà nítòsí. Ọmọ awo tí ó ń kọ́ Ifá ń lo ọ̀pọ̀ ọdún láti há ẹsẹ Ifá láti inú odù 256 sórí. Ọmọ ilé-kéwú náà ń há Kùránì sórí. Iṣẹ́ ọpọlọ tí ó gùn tí ó sì le kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Bí ohun kan bá wà tí ó yàtọ̀, ọmọ awo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ní òun nìkan. Ní ibi yìí, Prince fojú kan ohun tí ó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n inú ọmọ náà ni ó wá a sí, kò wá a sí bí wọ́n ṣe ṣètò ilé-ìwé.

Ohun tí Ọ̀rọ̀ Náà Bò Mọ́lẹ̀

Ètò náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ti òkè há. Ilé-ìwé girama kò pọ̀, owó ni wọ́n sì fi ń lọ. Ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948 ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún oyè Yunifásítì London. Ìdánwò kan lè gbé ọmọ láti oko lọ sí ọ́fíìsì, ó sì lè dá a padà sí oko.

Ní Èkìtì, ìtàn yìí ní adùn àti ìkorò tirẹ̀. Láti ìgbà tí Christ’s School ti bẹ̀rẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1933 ni ìwé ti di iyì ilé. ‘Orísun Ìmọ̀’ ni wọ́n fi ṣe ìnagijẹ ìpínlẹ̀ náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1996. Owó kòkó bàbá, owó ọjà ìyá àti ìrànlọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ni ó ń rán ọmọ kan lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá yege, yóò fa àwọn àbúrò rẹ̀ sókè. Bí orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbóná lálẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe nítorí pé a tọ́ ọ láàárín ẹbí tí kò mọ àdáṣe. Ìrètí ẹbí náà ni ó rù dání. Ẹrù náà ni ọ̀rọ̀ ‘ìwà ẹ̀dá’ bò mọ́lẹ̀.

Wíwọ Ìwé Atọ́ka Àrùn àti Jíjáde Nínú Rẹ̀

Ní ọdún 1994, ìwé atọ́ka àrùn ọpọlọ ti Amẹ́ríkà, DSM-IV, fi ‘brain fag’ sínú àwọn àrùn tí ó jẹ́ ti àṣà kan pàtó. Ó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú ìpolówó oògùn ní Britain di ohun ìbílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n gbàgbé ẹni tí ó ni ín. Ní ọdún 2013, DSM-5 ka orúkọ ẹ̀dùn mẹ́sàn-án sínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, ‘brain fag’ kò sì sí lára mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ní ọdún 2015, Ayonrinde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Nàìjíríà ṣì mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Ìpayà tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ọ̀pọ̀ ń pe irú àmì bẹ́ẹ̀.

Orúkọ náà ń lọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí orí ń gbóná kò lọ. Òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, tí ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ti gba ipò òfin tí ó ń pe ènìyàn ní ‘lunatic’ láti ìgbà amúnisìn. Àtúnṣe ńlá ni, síbẹ̀ òfin kò lè yan ọ̀rọ̀ sí olùkọ́ àti òbí lẹ́nu.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé àárẹ̀ náà kì í ṣe òótọ́, tàbí pé kí oníṣègùn má fún nǹkan lórúkọ. Ó fi hàn pé orúkọ kan náà jẹ́ oyè fún agbẹjọ́rò London, ó sì di àbùkù fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, láìjẹ́ pé ohun tí ó ń ṣe wọ́n yàtọ̀. Èdè Yorùbá pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Nínú ‘ìwé ti pọ̀ jù fún un’, iṣẹ́ ni ó jẹ̀bi, a sì lè dín iṣẹ́ kù. Nínú ‘ọpọlọ rẹ̀ kò gbé e’, ọmọ ni ó jẹ̀bi, kò sì sí ohun tí ó kù ju kí ó padà sílé. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìsẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bá lónìí yóò ní láti yan ọ̀kan nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí ó tó kọ ohunkóhun sínú fáìlì. Kí ó kọ́kọ́ béèrè iye wákàtí tí ọmọ náà fi ń sùn, ẹni tí ó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó ń retí èsì ìdánwò náà. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ó sọ ọmọ di aláìlọ́pọlọ nítorí pé ó rẹ̀ ti fi ẹnu bẹ́ orí náà.