"Tètè" Kì í Ṣe "Yára": Ọ̀rọ̀ Méjì Nínú Ìtàn Ìtọ́jú Sepsis

Ní àwọn ilé ìwòsàn Pobè àti Sakété, èdè Faransé ni a fi ń kọ ìwé aláìsàn; Yorùbá ni a sábà máa ń bá ẹbí rẹ̀ sọ. Bí ìwé bá sọ pé kí ìtọ́jú sepsis jẹ́ précoce, ṣé "tètè" ni a ó pè é ni, tàbí "yára"?

Ní 2001, Emanuel Rivers àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Detroit fi ìlànà kan tọ́jú sepsis tó le láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́. 30.5% kú, nígbà tí 46.5% kú lábẹ́ ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá. Fífa omi púpọ̀ sí aláìsàn lára wà nínú ìlànà náà. Ṣùgbọ́n ní 2011, ìwádìí FEAST ní Kenya, Uganda àti Tanzania fi hàn pé àwọn ọmọdé tí a yára fa omi sí lára kú ju àwọn yòókù lọ. Ní 2017, ìlànà tó jọ ti Detroit pa àgbàlagbà lára ní Lusaka: 48.1% kú, 33.0% ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá.

Síbẹ̀, kò sí èyí tó ní kí oògùn apakòkòrò pẹ́. "Tètè" ń sọ ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. "Yára" ń sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ẹ̀mí ènìyàn wà láàárín méjèèjì. "Tètè" ni kí olùtumọ̀ kọ.